Ìwọ̀ kékeré ni kí ẹ mú lọ sí Ọ̀pá

Ẹ kú ìdẹ̀ra o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Mo ti ń rí i pé àwọn tó mọ ẹja pa dáadáa lódò ẹ̀yìn oko ló ń ti adágún Ọ̀pá, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ẹja odò oko kì í rí ìwọ̀ lójoojúmọ́, ohun tí ẹ bá jù sí i ló máa gbé. Ti Ọ̀pá ti rí ìwọ̀ títí ó fi sú u. Ẹpìyà ibẹ̀ á kàn fẹnu kan ekòló, á sì tu ú dànù kí ẹ tó fà á. Ẹ lo okùn tín-ín-rín àti ìwọ̀ kékeré. Ẹ gé ekòló mọ níwọ̀n orí ìka ọmọdé, kó bo ẹnu ìwọ̀. Ẹ dín òjé tó ń mú ìwọ̀ rì kù, torí bó bá já lu omi gbàmù, wọ́n ti sá lọ nìyẹn.

Ẹ kúrò láàárín èrò, ẹ lọ síbi koríko etí omi, kí ẹ sì rọra tẹlẹ̀: ẹja ń fi ara gbọ́ ìgbésẹ̀ yín. Àrọ̀ ní tiẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ dẹ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí kò bá tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ dá a padà, pàápàá lódò oko tí ẹja ò pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ọwọ́, kí ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ má bàa bó.