Bí Mo Ṣe Ṣọ́ Ẹ̀jẹ̀ àti Aago Ọwọ́ Nínú Eré Ọ̀daràn Orí Tẹlifíṣọ̀n

Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ continuity ti apá kan nínú eré ọ̀daràn lé mi lọ́wọ́, ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí n rí i dájú pé ohun gbogbo tí olùwòran bá rí nínú ìran kan bá èyí tó ṣáájú rẹ̀ mu. Nínú eré ìfẹ́, bí ife bá kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún bọ́ sí òsì, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo eré ọ̀daràn ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àṣìṣe wa bá bọ́ sójú rẹ̀, ẹ̀rí ni yóò pè é.

A kì í ya eré tẹ̀ lé bí ìtàn ṣe ń lọ. Yàrá tí wọ́n ti bá òkú jẹ yọ nínú ìran méje, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì péré ni a fi ya gbogbo wọn, nítorí pé kíkó iná àti kámẹ́rà láti ibì kan sí òmíràn máa ń jẹ àkókò púpọ̀. Òṣèré kan kú ní àárọ̀, ó sì dìde ní ọ̀sán láti ṣe ìjà tó yọrí sí ikú rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ka ìwé eré náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo pín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí ìdá 8 bí àwọn oníṣẹ́ yìí ti máa ń ṣe, mo sì kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ìran kọ̀ọ̀kan wáyé nínú ìtàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wákàtí yẹn ló ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí. Omi ṣúgà tó ki àti àwọ̀ pupa inú oúnjẹ ni wọ́n fi pò ó, wọ́n sì kán búlúù díẹ̀ sí i kí ó má baà dà bí ọ̀dà. Ẹ̀jẹ̀ oníṣúgà a máa dán, pupa rẹ̀ kì í sì í tètè ṣá, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ gidi máa ń ṣókùnkùn bí ó bá ti ń gbẹ, nítorí pé atẹ́gùn ń yí irin inú rẹ̀ padà. Mo bẹ ẹni tó ń kun òṣèré pé kí ó po oríṣi mẹ́ta: ti ìṣẹ́jú tí ó dà sílẹ̀, ti wákàtí kan lẹ́yìn náà, àti ti àárọ̀ ọjọ́ kejì tí àwọn ọlọ́pàá dé. Mo ya fọ́tò ẹ̀wù náà ní ipele kọ̀ọ̀kan, mo sì fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbààwọ́n rẹ̀, bí àwọn ọlọ́pàá gidi ṣe ń ya ẹ̀rí níbi ìṣẹ̀lẹ̀.

Ní ti òkú fúnra rẹ̀, mo lẹ téèpù kékeré mọ́ ibi tí ìka rẹ̀ dé nílẹ̀, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ dìde mí dáadáa lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá ya á.

Aago ọwọ́ ló fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Nínú ìtàn náà, ọlọ́wọ́ òsì ni apànìyàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń wọ aago sí ọwọ́ tí wọn kì í fi í ṣiṣẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń fi fọ́tò wé fọ́tò, mo rí i pé afurasí kan tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ wọ aago sí ọwọ́ òsì nínú ìran kan, ó sì wọ̀ ọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún nínú èyí tó tẹ̀ lé e nínú ìtàn. Aago ọwọ́ ọ̀tún yẹn sọ ọ́ di ọlọ́wọ́ òsì bí apànìyàn; a ti fi ẹ̀sùn èké kan ènìyàn láìmọ̀. Ara mi kò balẹ̀ rárá. Mo pe olùdarí eré lóru náà, mo sì jẹ́wọ́ pé ojú mi ló fò ó. Wọn kò tíì tú yàrá náà palẹ̀, nítorí náà a tún ìran ọ̀hún yà ní òwúrọ̀ kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo kó ìwé àkọsílẹ̀ mi fún ẹni tó ń to àwòrán pọ̀, mo fi gègé pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo àwòrán tí aago afurasí náà ti wà lọ́wọ́ ọ̀tún, mo sì kọ nọ́ńbà àwòrán tí a lò lẹ́yìn àtúnyà síwájú wọn.