Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi gìtá dárà, bẹ́ ẹ ṣe máa dá àwọn fáànù lóhùn rèé

Tó bá jẹ́ orin tí gbogbo ayé ti mọ bó ṣe ń lọ lẹ ń kọ, ìbéèrè fáànù kì í le, wọ́n á ní ta lẹ kọ orin yẹn fún, ìgbà wo lẹ tún máa jáde, ó tán. Àmọ́ rọ́ọ̀kì tá a fi ń dárà yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní experimental, ìbéèrè tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, torí ẹni tó ń gbọ́ ọ ò mọ ibi tí ohùn yẹn ti jáde wá. Ṣé gìtá ni àbí ẹ̀rọ kan ló ń lọ nǹkan? Ṣé èèyàn ló ń ké àbí tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n yí sẹ́yìn? Ó gbọ́ ọ, ó wọ̀ ọ́ lára, ó wá fẹ́ mọ̀. Èmi gbà pé ìdáhùn tẹ́ ẹ bá fún ẹni bẹ́ẹ̀, ara iṣẹ́ yín ni, bí orin fúnra ẹ̀ ṣe jẹ́ iṣẹ́, ohun tó sì yẹ kẹ́ ẹ sọ fún un jù ni ohun tí ọwọ́ yín ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè tó máa ń pọ̀ jù, "Báwo lẹ ṣe rí ohùn yẹn?" Ọ̀pọ̀ olórin á kàn dárúkọ pẹ́dàlì kan, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà, fáànù á ṣa owó jọ, á lọ rà á, á gbé e délé, ohùn yẹn ò ní jáde, torí pẹ́dàlì yẹn kọ́ ló ṣe é. Ẹ tò ó fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀. Báwo lẹ ṣe túùnù gìtá yẹn, kí lẹ fi há okùn ẹ̀, kí lẹ fi gbá a, ibo ni amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, wà, ibo lẹ gbé máíkì sí, kí lẹ wá ṣe sí i nígbà tẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀ tán. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ẹ̀ ló gbé iṣẹ́ yẹn dúró, èyí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, ìyókù lè tẹ̀ lé e.

Ti túùnù gan-an, ẹ má kàn sọ pé "mo dẹ okùn díẹ̀". Gìtá tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan túùnù ẹ̀, látorí okùn tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù, E A D G B E ni nóòtì wọn, nítorí náà ẹ kọ tiyín náà lọ́nà yẹn, kẹ́ ẹ sì sọ bí okùn yẹn ṣe nípọn tó, torí pé okùn tín-ín-rín téèyàn bá dẹ̀ jù á kàn máa gbọ̀n yẹẹrẹ lára igi gìtá ni, ohùn gidi ò ní jáde, fáànù á wá rò pé ọwọ́ òun ni ò dáa. Nígbà kan Lou Reed tó wà nínú báǹdì Velvet Underground túùnù gbogbo okùn gìtá ẹ̀ sí nóòtì kan náà. Ẹni tí wọn ò bá sọ ìyẹn fún, kọ́ọ̀dù, ìyẹn nóòtì mélòó kan tó ń dún pọ̀, ló máa máa wá kiri, kọ́ọ̀dù ọ̀hún ò sì sí níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi jù ni ti Kevin Shields tó ń ta gìtá nínú báǹdì My Bloody Valentine. Nígbà tí álíbọ́ọ̀mù wọn, Loveless, jáde ní 1991, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gìtá rẹpẹtẹ ni wọ́n kó léra wọn lórí, pẹ̀lú pẹ́dàlì oríṣiríṣi, torí bó ṣe ń rọ́ tó ń yọ̀ bí ẹni pé orin náà ń yọ́. Òun fúnra ẹ̀ ti ṣàlàyé lọ́pọ̀ ìgbà pé apá irin tó wà lára gìtá, tí wọ́n ń pè ní tremolo arm, lòun máa ń dì mú bóun ṣe ń gbá okùn, tí gbogbo kọ́ọ̀dù á fi máa lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀, àti pé gìtá tó wà níbẹ̀ ò pọ̀ bí wọ́n ṣe rò. Ẹ wo àánú tó wà nínú ìdáhùn yẹn o, ọmọ tí ò lówó pẹ́dàlì kankan ti lè dìde lọ dán an wò.

Ká ní fáànù wá béèrè bẹ́ ẹ ṣe jẹ́ kí gìtá máa ké lọ láìdákẹ́, ẹ lè kọ nǹkan bí èyí:

"Mo yí amp sókè, mo wá dojú gìtá kọ ọ́. Ohùn tó ń jáde nínú amp ló ń mi okùn, okùn á rán an padà sínú amp, amp á tún mi okùn, bó ṣe ń yí po nìyẹn tí kò fi ní kú. Tí mo bá fẹ́ kí ohùn yẹn yí padà, mo lè sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan tàbí kí n yí ara díẹ̀, nóòtì míì ló máa gba ipò. Okùn tí mi ò fẹ́ kó dún, mo fi ọwọ́ pa á mọ́."

Kò gùn, kò sí orúkọ ọjà níbẹ̀, ẹni tó bá kà á lè ṣe é lónìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí nǹkan bá wà lára okùn, ẹ dárúkọ ẹ̀. John Cage, olórin Amẹ́ríkà kan tó máa ń ki skúrù àti rọ́bà sáàárín okùn dùùrù ńlá, nǹkan bí 1940 ló ti bẹ̀rẹ̀, kò jẹ́ kó di awo, ó tò ó sínú ìwé orin ẹ̀, irú nǹkan tó máa wọ ibẹ̀, okùn tó máa wà, àti bó ṣe máa jìnnà tó sí ibi kan pàtó lára okùn, kí ẹlòmíì lè jókòó ti dùùrù tiẹ̀ kó ṣe é. Ìyẹn ni mo ṣe sọ pé àlàyé wà lára iṣẹ́.

Kẹ́ ẹ tó lè ṣàlàyé báyìí ṣá, ẹ gbọ́dọ̀ máa kọ nǹkan sílẹ̀, torí lẹ́yìn oṣù mélòó kan èèyàn ò ní rántí mọ́. Ìwé kékeré kan ti tó, ẹ kọ orúkọ orin, túùnù, gìtá tẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò ojú pẹ́dàlì kẹ́ ẹ tó yí i padà. Ní 1999 wọ́n jí ọkọ̀ tó kó ẹrù báǹdì Sonic Youth lọ ní California, gìtá tí wọ́n ti tún ṣe tí wọ́n sì ti yà sọ́tọ̀ fún orin kan pàtó bá a lọ, ó sì le gan-an láti fi gìtá míì rọ́pò irú ẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ìwé, tẹ́ ẹ sì ti fún àwọn fáànù, á ṣì wà níbì kan tí gìtá bá sọnù. Tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé, ẹ sọ pé ẹ ti gbàgbé. Kò sí ẹni tó máa bínú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ò fẹ́ sọ, wọ́n ní tí àwọn bá sọ ọ́ tán, gbogbo èèyàn á máa dún bí àwọn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Steve Albini tó wà nínú báǹdì Big Black àti Shellac, tó tún ń gba orin sílẹ̀ fáwọn báǹdì míì, títí tó fi kú ní 2024 kò fi nǹkan pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, máíkì tó lò, ibi tó gbé e sí, bó ṣe ń gba owó, gbogbo ẹ̀ ló ń sọ. Ní 1992 ó kọ lẹ́tà sí báǹdì Nirvana kó tó bá wọn ṣiṣẹ́, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa yọ owó fún òun lórí álíbọ́ọ̀mù tó bá tà, kí wọ́n san owó iṣẹ́ òun bí wọ́n ṣe ń san ti púlọ́ńbà. Gbogbo ohun tó ń ṣe wà ní gbangba, síbẹ̀ tí ìlù bá dún nínú orin Shellac, ẹni tó mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé àwọn ni. Ọwọ́ àti etí yín ò ní tẹ̀ lé àlàyé lọ sílé ẹlòmíì.

Ohun tó wá yẹ kó máa bá àlàyé yẹn rìn ni orúkọ ẹni tẹ́ ẹ ti rí i kọ́. Ètò tẹ́ẹ̀pù tí Robert Fripp, onígìtá báǹdì King Crimson, fi máa ń dá ta gìtá bí ẹni pé wọ́n pọ̀, ẹ̀rọ tẹ́ẹ̀pù méjì ni, tẹ́ẹ̀pù kan ṣoṣo á gba inú méjèèjì kọjá, ti àkọ́kọ́ á gba ohùn sílẹ̀, ti èkejì á gbé e jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ohùn yẹn á tún padà sínú ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ lá ṣe máa pọ̀ sí i. Brian Eno, olórin bíi tiẹ̀, ló fi hàn án, àwọn méjèèjì sì gbé álíbọ́ọ̀mù jáde lórí ẹ̀ ní 1973, àmọ́ àwọn olórin méjì míì, Terry Riley àti Pauline Oliveros, ti ń lo irú ẹ̀ ṣáájú. Fáànù tó bá béèrè lọ́wọ́ yín, tẹ́ ẹ dárúkọ àwọn yẹn fún un, ẹ ti ṣílẹ̀kùn yàrá ńlá kan fún un nìyẹn. Ẹ dárúkọ onílù yín náà, àti ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ ní sítúdíò.

Ẹ má dá ìtàn sílẹ̀ láti fi ṣe ẹwà o. Wọ́n tan ìtàn kiri nípa Trout Mask Replica, álíbọ́ọ̀mù olórin tó ń jẹ́ Captain Beefheart, tó jáde ní 1969, pé ó jókòó ti dùùrù ó sì kọ gbogbo orin ibẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé John French, onílù wọn, ló ń kọ ohun tó bá tẹ̀ lórí dùùrù sílẹ̀, ló ń kọ́ àwọn tó kù ní ipa tí kálukú máa ta, wọ́n sì fi oṣù púpọ̀ há ara wọn mọ́lé tí wọ́n ń dá a rò, orúkọ French ò tiẹ̀ sí lára páálí álíbọ́ọ̀mù yẹn nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí ẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ìtàn wákàtí díẹ̀ yẹn á máa rò pé orin bẹ́ẹ̀ kì í gba ìyà, tí tiwọn ò bá wá jáde kíákíá wọ́n á pa gìtá tì.

"Kí ni ìtumọ̀ orin yìí?" Èyí ò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ orin yẹn ti bẹ̀rẹ̀, bóyá gbólóhùn kan lẹ gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan, tàbí ohùn ni ẹ kọ́kọ́ rí kí ọ̀rọ̀ tó wá bá a, kẹ́ ẹ wá dúró síbẹ̀. Tí fáànù bá ní òun gbọ́ ọ̀fọ̀ níbẹ̀, tẹ́ ẹ̀yin ò sì ro ọ̀fọ̀, ẹ má sọ fún un pé ó ṣì í gbọ́.

Àwọn kan á béèrè pé "ṣé orin náà rèé?" Ẹ má fìbínú dá wọn lóhùn, ìbéèrè gidi ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí Lou Reed gbé álíbọ́ọ̀mù Metal Machine Music jáde ní 1975, tó jẹ́ kìkì ariwo gìtá tó ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló dá a padà fún ẹni tó tà á fún wọn. Ohun tó dáa ni kẹ́ ẹ fún ẹni náà níbi tó lè gbà wọlé, ẹ mú orin kan nínú tiyín tó kúrú, tí ìlù ẹ̀ ṣì ń lọ dọ́gba, ẹ ní kó fetí sí nǹkan kan pàtó níbẹ̀, bóyá bí báàsì ò ṣe yí padà nígbà tí gbogbo nǹkan tó kù ń wó. Tó bá gbọ́ ọ tí kò tún fẹ́, ó ti parí.

Ìbéèrè kan tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré ni ti etí. Àwọn ọmọdé á béèrè bẹ́ ẹ ṣe ń yí amp sókè tó. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, kẹ́ ẹ sì fi èyí tì í: NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní ariwo tó bá tó 85 dẹ́síbẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo), èèyàn ò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́, gbogbo dẹ́síbẹ̀lì 3 tó bá sì gorí ẹ̀, kí wọ́n pín àkókò yẹn sí méjì, tó fi jẹ́ pé tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Amp inú yàrá kékeré lè kọjá ìyẹn dáadáa. My Bloody Valentine máa ń pín ohun ìdí etí fáwọn tó wá wò wọ́n. Etí tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́yìn ariwo lè má dákẹ́ mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọ́ fún wọn kó tó bọ́ sórí.

Èyí tẹ́ ẹ ò ní dáhùn náà wà. Ìjà inú báǹdì, àìsàn ẹni tó ti kúrò láàárín yín, ibi tí ẹnikẹ́ni ń gbé, owó tí ẹlòmíì gbà, ìyẹn kì í ṣe tiyín láti fún èèyàn. Ẹ kàn sọ pé "mi ò ní sọ ìyẹn", kẹ́ ẹ bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn, torí tẹ́ ẹ bá ń ṣe àlàyé ìdí tẹ́ ẹ ò fi ní sọ ọ́, ẹ ti ń sọ ọ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọmọ kékeré ló ń béèrè, gbangba tí gbogbo èèyàn ti lè kà á ni kẹ́ ẹ ti dá a lóhùn, ẹ má wọ kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ lójúkojú ni, lẹ́yìn eré, ẹ tún ìbéèrè sọ sínú máíkì kẹ́ ẹ tó dáhùn, torí àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ ọ, ẹ sì jẹ́ kí gìtá wà lọ́wọ́ yín, ohun tẹ́ ẹ máa fi ọ̀rọ̀ ṣàlàyé títí, ọwọ́ á fi hàn wọ́n kíá. Tó bá jẹ́ kíkọ ni, ẹ kó àwọn tó jọra pọ̀, ẹ dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá fi àkókò tó kù sórí èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè rí.

Àwọn kan á fi orin tiwọn ránṣẹ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Tí ẹ ò bá ní àyè, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ kíákíá kó má bàa máa retí. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, "ó dáa" ò tó, ẹ mú ibì kan, ẹ sọ ìṣẹ́jú tó wà, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi í bó ṣe ṣe é. Tí nǹkan kan níbẹ̀ bá wù yín débi tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó nínú orin yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹ̀ sí i.