Ẹja Àrọ̀ Ń Bọ̀ Wá Yé: Bí Ẹ Ṣe Máa Dá A Mọ̀ Létí Omi Yín

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ alákùrọ̀ àti àwọn tó ń gbé létí odò l'Ábẹ́òkúta

Bí òjò ńlá bá ti ń rọ̀ léraléra, tí Odò Ògùn kún, tí omi gun orí koríko, ẹja àrọ̀ á kúrò níbú. Ibi tí omi ò ti jìn, tí omi tuntun ti bo koríko mọ́lẹ̀, ni wọ́n ń wá. Àkùrọ̀ tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ sí wà lára rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin ni kí ẹ ti máa ṣọ́nà.

Òru ni wọ́n ń yé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ má wọ omi o, torí odò lè kún lójijì, àgàgà bí wọ́n bá ṣí omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ bí omi ṣe ń ta pàràpàrà nínú koríko: àwọn akọ ló ń jà. Lẹ́yìn náà, akọ kan àti abo kan á yà sọ́tọ̀. Akọ á ká ara rẹ̀ yí orí abo po fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, abo á fi ìrù gbá omi, ẹyin á sì fọ́n ká sára koríko. Wọ́n á sinmi, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á padà síbú, wọn ò ní dúró tọ́jú ẹyin.

Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wo ara koríko tó rì sómi. Ẹyin àrọ̀ kò ju orí píìnì lọ, ó lẹ̀ mọ́ koríko lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá wà nínú ohun tó ń yọ̀, tó so pọ̀ gbọọrọ, ti ọ̀pọ̀lọ́ nìyẹn.

Ohun tó ń dùn wá jù ni pé àsìkò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń ro etídò, tí wọ́n ń fín oògùn apakoríko. Koríko yẹn ni ìtẹ́ ẹyin! Wákàtí 24 sí 36 péré ni ẹyin fi ń pa, ọmọ á sì fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta gbára lé oúnjẹ inú ẹyin tó gbé dání. Ẹ ṣáà fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí abo oníkùn ńlá bá kó sí ìgèrè yín lọ́sẹ̀ náà, ẹ dá a padà sómi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló wà níkùn rẹ̀. Ohun tí ẹ ó fi dá abo mọ̀ ni pé ojú ìdí rẹ̀ rí róbótó, ti akọ ní ṣóńṣó kékeré kan tó yọ síta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da gàmàlín, oògùn apakòkòrò, sómi: ó ń pa ìyá, ó ń pa ọmọ, àwọn èèyàn tó wà nísàlẹ̀ odò sì ń lo omi yẹn.

Ẹ̀yin aládìrẹ Ìtòkú, omi aró tó ní sóódà kò gbọdọ̀ gba inú gọ́tà dé odò.

Bí omi bá wá fà, tí ọmọ ẹja há sínú kòtò, ẹ fi ọkọ́ la ojú ọ̀nà tóóró kí omi náà lè ṣàn padà sódò. Kí oòrùn tó mú ni kí ẹ ti ṣe é, torí omi kòtò kì í pẹ́ gbẹ.