Bẹ́ ẹ ṣe lè jáwọ́ ńnú sìgá mímu

Ẹ má sọ pé "tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" o, ẹ mú ọjọ́ kan pàtó, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fẹ́nì kan nílé tí ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni tábìlì ẹni tó ń ta sìgá ní páàkì, tó fi okùn so láítà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, tó ń ta á lẹ́yọ lẹ́yọ. Òfin sìgá tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 ní wọn ò gbọdọ̀ tà á lẹ́yọ, páálí ẹlẹ́yọ 20 ni, wọn ò sì gbọdọ̀ tà á fọ́mọ tí ò tíì pé ọdún 18, àmọ́ ta ló ń wò wọ́n? Ẹ kúkú gba àdúgbò míì relé.

Tó bá ti ń yún yín lọ́fun, ẹ mumi tútù, ẹ run orín, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fi ń dà yín láàmú kó tó lọ. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le jù, orí á máa fọ́ yín, ẹ á máa jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ (èmi náà ṣe é, mo tọrọ àforíjì), ikọ́ gan-an lè pọ̀ sí i díẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ padà síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi lè pé ọdún kan, ewu àrùn ọkàn tó wà lórí yín á ti dín sí bí ìdajì tẹni tó ṣì ń mu ún.

Tẹ́ ẹ bá ṣubú, ẹ mú ọjọ́ míì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lèmi ṣubú.