Iná Inú Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré: Ẹ Mọ Ohun Tó Ń Wọlé àti Ohun Tó Ń Jáde

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì kékeré tó ní òrùlé, tí ẹ máa ń sùn mọ́jú lójú ọ̀sà, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún, yálà ẹja lẹ ń pa tàbí ẹbí lẹ ń kó rìn láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí etíkun Ìlàjẹ.

Lóru ọjọ́ kan lórí Ọ̀sà Lẹ́kkí, a tan iná, a gbọ́ rédíò, a sì ṣájì fóònù lórí bátìrì kan ṣoṣo tí a ní. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo yí kọ́kọ́rọ́, "tá, tá, tá" nìkan ni sítátà ń dún. Àjẹ̀ la fi wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, òjò sì ń ṣú bọ̀ lẹ́yìn wa. Mi ò fẹ́ kó ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín.

Bátìrì méjì, iṣẹ́ méjì

Bátìrì tó ń yí ẹ́ńjìnì, irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ tinrin. Ó lè tú agbára ńlá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ tí ẹ bá ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí tó fi gbẹ, kò ní pẹ́ bàjẹ́. Ti iná àti fáànù nípọn ní tirẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní deep cycle, irú èyí tí wọ́n ń tà fún invertà. Ẹ fi súwíìṣì yà wọ́n sọ́tọ̀, kí iná alẹ́ má baà fa ti sítátà. Bí owó ò bá tíì tó ra nǹkan mìíràn, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Bátìrì dà bí àmù: ohun tí ẹ bù nínú rẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ pọn padà. Ẹ ra míta kékeré kan tó ń wọn fóòtì, ìyẹn agbára tó ń ti iná. Láàárọ̀, kí oòrùn tó kan sólà, kí ẹnikẹ́ni tó tan nǹkan kan, ẹ fi wáyà rẹ̀ méjèèjì kan orí bátìrì. Bó bá kọ 12.7, ó kún. Bó bá kọ 12.2, ó ti dé ìdajì. 11.9 túmọ̀ sí pé ó ti fẹ́ gbẹ tán. Bátìrì ásíìdì la ń sọ o. Ti lithium máa ń wà ní nǹkan bíi 13 títí yóò fi kù díẹ̀ kó tán, nítorí náà fóòtì nìkan lè tàn yín jẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò alẹ́ kan

Áńpíà ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn nínú wáyà; wáàtì-wákàtí ni wáàtì tí nǹkan ń jẹ ní ìlọ́po iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́. Bátìrì 12 fóòtì tó jẹ́ 100 áńpíà-wákàtí ní 1,200 wáàtì-wákàtí nínú (12 ní ìlọ́po 100). Ẹ má fa ti ásíìdì kọjá ìdajì, kó lè pẹ́. 600 nìkan nìyẹn. Iná LED mẹ́ta, wáàtì méjì-méjì, fún wákàtí 10: 60. Ẹ̀rọ GPS tó ń fi ọ̀nà hàn, tó ń jẹ wáàtì 10, fún wákàtí 10: 100. Fáànù wáàtì 15, fún wákàtí mẹ́jọ: 120. Fóònù méjì: 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 310. Ó gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ gbé fíríìjì kékeré tó ń jẹ wáàtì 45 wọlé, kó ṣiṣẹ́ ìdajì ọjọ́, 540 mìíràn ti lọ nìyẹn. Fíríìjì ló ń pa bátìrì àwọn ènìyàn, kì í ṣe gílóòbù.

Páńẹ́ẹ̀lì sólà 100 wáàtì kì í mú 100 wá látàárọ̀ dalẹ́. Lọ́dọ̀ wa, bí oòrùn bá dára, nǹkan bíi 300 wáàtì-wákàtí lóòjọ́ lẹ lè gbọ́kàn lé. Lóṣù Okudu àti Keje, ẹ má retí tó bẹ́ẹ̀.

Wáyà

Gílóòbù 60 wáàtì nínú ilé tó ń lo 220 fóòtì kò fa ju ìdá kan nínú mẹ́rin áńpíà àti díẹ̀ lọ. Lórí ọkọ̀ 12 fóòtì, áńpíà márùn-ún ni wáàtì 60 yẹn ń fà. Ìdí nìyí tí wáyà ilé tó tinrin fi ń gbóná lórí ọkọ̀, tí iná sì ń ṣe bàìbàì ní iwájú ọkọ̀. Omi Ọ̀sà Lẹ́kkí kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀, àmọ́ ní etíkun Ìlàjẹ, iyọ̀ ń wọ inú wáyà. Mo ti bó wáyà kan tí ara rẹ̀ ń dán lóde, tí bàbà inú rẹ̀ sì ti dúdú bí èédú dé ìwọ̀n ìka kan. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi tánńganran bo bàbà rẹ̀, kí ẹ sì fi Vaseline pa orí bátìrì.

Fíùsì kò dáàbò bo fáànù. Wáyà ni fíùsì ń dáàbò bò, kó má gbiná. Ẹ gbé fíùsì sún mọ́ orí bátìrì, kó má jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Bó bá já, ẹ wá ohun tó já a. Ẹ má ṣe gbà fún rẹwáyà kankan pé kó fi ọ̀já wáyà dí i.

Nígbà tí bátìrì ásíìdì bá ń gba iná, gáàsì tó lè bú gbàmù ń jáde lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn dé ibẹ̀, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Wáyà pọ́ǹpù tó ń gbọ́n omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba inú súwíìṣì ńlá kọjá. Ẹ so ó mọ́ bátìrì tààrà pẹ̀lú fíùsì tirẹ̀, kó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ti pa gbogbo iná tí ẹ sì ti lọ sílé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi ọwọ́ gbé fúlóòtì rẹ̀ (ohun tó ń léfòó, tó ń tan pọ́ǹpù bí omi bá ga) sókè, kí ẹ gbọ́ bóyá ó dún.