Bí Ẹ Ó Ṣe Kó Àwọn Ọmọdé Láti Òṣogbo Lọ Wọ Rélùwéè ní Mọ́níyà

Rélùwéè tuntun tí wọ́n ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní ọdún 2021 kò dé Òṣogbo; Mọ́níyà, nílùú Ìbàdàn, ló parí sí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kó ọmọ wẹ́wẹ́ láti Òṣogbo lọ sí Èkó ní láti pààrọ̀ ọkọ̀ nílùú Ìbàdàn, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà.

Kí ọkọ̀ tó dúró ní Ìwó Road ní Ìbàdàn, ẹ ti tún ìró àti ọ̀já yín ṣe, kí ẹ lè pọn èyí tó kéré jù ní kété tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé èrò kì í fúnni láyè níbẹ̀. Ẹ má ṣe ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di aṣọ yín mú, torí pé aṣọ a máa bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú ìwé pélébé, kí ẹ sì fi í sí àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Mọ́níyà, dẹ́rẹ́bà lè ní kí ẹ gbé ọmọ lé itan. Ní tèmi, ó sàn kí ẹ sanwó ìjókòó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tọ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé.