Bí Ẹbí Ṣe Lè Múra Sílẹ̀ Láti Bẹ̀bẹ̀ fún Ìjìyà Tí Kì Í Ṣe Ẹ̀wọ̀n ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì

Bí ọwọ́ ọlọ́pàá bá tẹ ọmọ ẹni nítorí ẹ̀sùn tí kò le jù, irú bíi gígé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko olóko tàbí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ní gáréèjì, èrò ọ̀pọ̀ ẹbí ní Èkìtì ni pé ọ̀nà méjì péré ló kù: yálà kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ kó máa lọ ilé, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà ní ọ̀nà Afàò ní Adó-Èkìtì. Òfin ti la ọ̀nà mìíràn sáàárín méjèèjì. Adájọ́ lè ní kí ẹni tó jẹ̀bi ṣiṣẹ́ fún ìlú. Ó lè dá ẹ̀wọ̀n fún un kó sì dá ẹ̀wọ̀n náà dúró pẹ̀lú àdéhùn. Ó lè fi í sílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́ fún àsìkò kan. Ó sì lè ní kó san ohun tó bàjẹ́ padà fún ẹni tí a ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ kì í dédé mú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bí kò bá sí ẹni tó gbé e ka iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti ènìyàn tó lè fọkàn tán. Ìmúrasílẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, nítorí pé ẹbí ló lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sábà mọ̀ títí ìdájọ́ yóò fi jáde.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti ní òfin tirẹ̀ lórí bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn láti 2014, ọdún kan ṣáájú kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe tirẹ̀ ní 2015. Ti ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń lò ní kóòtù Májísíréètì àti ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀. Ti 2015 ni wọ́n ń lò ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀. Ní 2019, òfin kẹta dé, èyí tó yí orúkọ àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà, tó sì pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà méjì: àwọn tó ń ṣọ́ ẹni tó wà nínú ọgbà, àti àwọn tó ń mójú tó ẹni tó ń jẹ ìyà rẹ̀ láti ilé. Abala 460 nínú òfin 2015 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà yékéyéké. Ẹ rí i pé lọ́yà yín tọ́ka sí abala tó kan ọ̀rọ̀ yìí nínú òfin Èkìtì kó tó dúró níwájú adájọ́ Májísíréètì.

Kí ọmọ náà tó kọ ohunkóhun sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ni kí ẹ ti wá lọ́yà. Abala 35 nínú ìwé òfin àgbà orílẹ̀-èdè wa (Constitution) gbà á láàyè láti dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹni tó bá yàn sọ̀rọ̀, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ 1 bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibẹ̀. Bí àwọn ìlú Èkìtì ṣe sún mọ́ra tó, ó ṣòro kí àgọ́ ọlọ́pàá kankan rí àwáwí ọ̀nà jíjìn sọ. Owó kò sí lórí bẹ́ẹ̀lì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ẹ kò bá lágbára owó lọ́yà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń pèsè lọ́yà ọ̀fẹ́, ní Adó, tàbí kí ẹ béèrè ẹ̀ka tó ń rí sí ẹ̀tọ́ aráàlú ní Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ ti Ìpínlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn, kí ẹ sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń sáré kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ti ń là tàbí tó ti ń dí. Abala 460 sọ pé adájọ́ kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ ìlú tàbí ẹ̀wọ̀n tí a dá dúró ṣe ìjìyà fún ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi ohun ìjà dá, fún ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀, tàbí fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ ju ẹ̀wọ̀n ọdún 3 lọ. Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe sí ẹni tó jí adìẹ. Nínú Criminal Code, ìwé òfin ìjọba àpapọ̀ tó to ẹ̀ṣẹ̀ àti ìjìyà wọn lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni ìjìyà olè jíjà lásán, kò sì kọjá ààlà tí òfin fà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ó já ilé onílé wọlé kó tó gbé adìẹ kan náà, ọdún 14 ni òfin kọ sílẹ̀ fún un, ọ̀nà iṣẹ́ ìlú ti dí nìyẹn. Lọ́yà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ gbé ẹ̀sùn tó wúwo náà dúró. Bí kò bá gbé e dúró, ó lè lọ bá agbẹjọ́rò ìjọba jíròrò kí wọ́n lè fi èyí tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà mu rọ́pò rẹ̀, òfin sì gba irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ láàyè. Ní ti ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn pé òfin yọ ọ́ sẹ́yìn. Ẹbí tó ń wá ọ̀nà àbáyọ fún ẹni tó fipá bá ọmọ ọlọ́mọ lò kò ní í rí ìrànlọ́wọ́ nínú àlàyé yìí.

Bí ẹni tí wọ́n mú kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18, ẹ tètè mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkìtì náà ti sọ di òfin nílé, kò fẹ́ kí a rán ọmọdé lọ sẹ́wọ̀n rárá, ó sì fún ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò ìjọba lágbára láti yanjú ọ̀rọ̀ náà láìgbé e dé kóòtù níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Ẹni tí a ṣẹ̀ ni kí ẹ lọ bá ní kíákíá. Ní ìlú wa, olórí ẹbí méjèèjì á jókòó níwájú baálẹ̀ tàbí ìjòyè àdúgbò, wọ́n á tọrọ àforíjì, wọ́n á sì ṣírò ohun tó bàjẹ́. Òfin 2019 náà fi ọwọ́ sí irú ìlàjà yìí: ó ní kí àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n pèsè àyè fún ìpàdé láàárín ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí a ṣẹ̀, láàárín àwọn ẹbí, àti láàárín àwọn ará àdúgbò, ìbáà jẹ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, tàbí lẹ́yìn ìdájọ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára níhìn-ín. Bí ẹ bá fún olùfisùn lówó kó lè bo ẹ̀ṣẹ̀ ńlá mọ́lẹ̀ tàbí kó kọ̀ láti jẹ́rìí, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lẹ dá yẹn, òfin sì lè mú ẹni tó gba owó náà. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí lọ́yà méjèèjì tàbí ọlọ́pàá tó ń pẹjọ́ mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ kọ iye tí ẹ san àti ọjọ́ tí ẹ san án sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gbé ìwé náà wá síwájú adájọ́. Bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá gbà láti wá sọ fúnra rẹ̀ ní kóòtù pé wọ́n ti tù òun nínú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á tẹ̀wọ̀n ju ti gbogbo ẹbí lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìrètí iṣẹ́ ìlú tan ọmọ yín láti gba ẹ̀bi ohun tí kò ṣe. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kó jẹ́jọ́ rẹ̀ dé òpin.

Fún ẹni tó jẹ̀bi, ìgbà kan wà tí gbogbo ìmúra yìí ń dúró dè. Lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti sọ pé ó jẹ̀bi, kó tó kéde ìjìyà, ó máa ń béèrè bóyá olùjẹ́jọ́ ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ níbẹ̀ ni ẹkún, àti pé òun nìkan ni ìyá òun bí. Adájọ́ ń gbọ́ èyí lójoojúmọ́, kò sì rí ohun tó lè dì mú nínú rẹ̀. Ẹ ti kó lẹ́tà ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ jọ, ti ilé ìwé rẹ̀, ti pásítọ̀ tàbí lèmọ́ọ̀mù tó mọ̀ ọ́n dáadáa, àti ìwé dókítà bí àìsàn bá wà. Kí àwọn tó kọ lẹ́tà wà ní kóòtù lọ́jọ́ náà, nítorí pé lọ́yà lè pè wọ́n láti wá jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀.

Ẹ mú onídùúró wá pẹ̀lú. Òfin 2015 béèrè pé kí ẹni tí a fi iṣẹ́ ìlú ṣe ìjìyà fún ní onídùúró, yálà ìbátan rẹ̀ tàbí ẹni iyì mìíràn tó rí jájẹ, tí yóò lè mú un wá bí ó bá sá. Bí onídùúró kò bá rí i mú wá, owó ìtanràn ₦100,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè já lé e lórí, nítorí náà kí ẹ ṣàlàyé èyí fún un kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ tún wá ibi iṣẹ́ tí ẹ lè dárúkọ. Òfin dárúkọ gbígé koríko, fífọ gọ́tà, ìmọ́tótó àwọn ibi tí ará ìlú ń lò, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé kíkọ́, ó sì ní kí ibi iṣẹ́ náà sún mọ́ ilé ẹni náà. Bí lọ́yà bá lè sọ pé ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ilé ìwé kan ní Ìkọ̀lé ti ṣe tán láti gbà á, adájọ́ ti rí ibi tó máa fẹsẹ̀ lé. Bí ọmọ náà bá mọ iṣẹ́ káfíńtà tàbí wẹ́dà, ẹ má gbàgbé láti sọ ọ́, nítorí pé lọ́yà lè bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi í síbi tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti máa wúlò jù.

Iṣẹ́ ìlú kò gbọdọ̀ ju oṣù 6 lọ, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 5 lọ lójúmọ́. Rẹ́jísírà, ìyẹn òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń bójú tó iṣẹ́ ìlú, yóò ya fọ́tò ẹni náà, yóò tẹ ìka rẹ̀, yóò sì kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀. Kó máa dé lásìkò, kó máa rí i pé wọ́n kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ṣiṣẹ́ sínú ìwé, kí òun náà sì ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rán an lọ sí oko ara rẹ̀ tàbí ibi ìkọ́lé ara rẹ̀, kó sọ fún lọ́yà, nítorí pé ìlú ni adájọ́ ní kó ṣiṣẹ́ fún. Bí ó bá ṣàìsàn, kó mú ìwé dókítà lọ bá rẹ́jísírà ní kíá. Bí ó bá kàn pa iṣẹ́ tì láìwí nǹkan kan, adájọ́ lè fagi lé àṣẹ náà, kó sì fi ìjìyà tó lè ti fún un tẹ́lẹ̀ jẹ ẹ́.

Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ bá lọ́yà sọ kó tó yan èyí tó máa béèrè. Ẹni tí a ní kó ṣiṣẹ́ ìlú, a ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá kéré, tàbí tí ọjọ́ orí, ìwà àtẹ̀yìnwá tàbí ìlera ẹni náà bá gba àánú, òfin 2015 fún adájọ́ lágbára láti fi í sílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́ láìkọ ìdájọ́ ẹ̀bi sílẹ̀ rárá, pẹ̀lú àdéhùn ìwà rere tí kò gbọdọ̀ kọjá ọdún 3. Fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, tó ṣì máa wá iṣẹ́ ìjọba lọ́la, èyí ni mo rò pé kí lọ́yà kọ́kọ́ béèrè, kó sì fi iṣẹ́ ìlú ṣe ìkejì.

Èyíkéyìí tí adájọ́ bá fún un, ní ọjọ́ tó bá parí rẹ̀, kó lọ bá rẹ́jísírà kó gba ìwé pé òun ti parí rẹ̀, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kó fi ọ̀kan síbi tí kò ti ní í sọnù, kó sì fún onídùúró rẹ̀ ní ìkejì.